Pátákó Tó Ń Ṣófo Ní Gbogbo Mọ́ńdè

"Wọ́n jí iṣẹ́ mi."

Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn bó ṣe dúró níwájú káńtà wa láàárọ̀ Túsìdè. Mo mú bírò, mo bi í pé irú iṣẹ́ wo, ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbé ni àbí ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní rárá, iṣẹ́ gan-an lòun ń wí, iṣẹ́ olùkọ́. Ó wà lórí pátákó ní Sọ́ńdè, ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo fi bírò sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti fẹjọ́ ewúrẹ́ sùn mí, wọ́n ti fẹjọ́ ìyàwó sùn mí, bàbá kan tiẹ̀ wá fẹjọ́ àlá tó lá sùn mí rí, ó ní kí n lọ mú ẹni tó lé òun lójú orun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n jí lórí pátákó? Mo ní, "Màdáámù, ẹ lọ sinmi nílé. Oòrùn yìí mú."

"Sájẹ́ǹtì, gbé àga fún wọn."

Ohùn ọ̀gá mi nìyẹn, láti ẹ̀yìn. Ìnsípẹ́kítọ̀ ni ọ̀gá mi, obìnrin ni wọ́n, Abẹ́rẹ́ sì ni gbogbo àgọ́ ń pè wọ́n tí wọn ò bá sí nítòsí. Wọ́n kéré, wọ́n tín-ín-rín, ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá sì rò pé ó gba nǹkan ni wọ́n máa ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ tí kò lórí tí kò nídìí báyìí, ojú wọn á máa dán bí ojú ọmọ tó rí ṣúgà. Mo ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán mi ti bá omi lọ. Mo gbé àga.

"Tíṣà ni wọ́n ń pè mí," obìnrin náà ní. "Mo wà ní ilé àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ti ìjọ Àgùdà, lẹ́yìn ọsibítù. Àwọn fadá ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn sísítà díẹ̀, èmi nìkan ni mo ń wọ búláòsì. Ẹ̀kọ́ ìwà rere ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di fadá. Mo ti gboyè dókítà lórí ẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ aláàbọ̀ ni wọ́n ń fún mi. Tó bá ti di Àjíǹde, ó parí nìyẹn."

"Èwo ni wọ́n wá jí?" ọ̀gá mi bi í.

"Iṣẹ́ olùkọ́ àgbà, iṣẹ́ gidi, tí wọn ò fún ẹni tí kì í ṣe fadá rí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Sọ́ńdè tó ṣáájú ti ìjẹta ni wọ́n lẹ ìkéde ẹ̀ mọ́ pátákó tí ìròyìn àti àǹfààní máa ń wà. Bí mo ṣe rí i ni mo sáré lọ bá Fadá Àgbà tó jẹ́ olórí ilé, mo ní mo fẹ́. Èmi nìkan ni mo lọ, torí àwọn tó kù níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Kí ló wá bàjẹ́?"

"Òfin ilé wa ni pé àǹfààní èyíkéyìí gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí pátákó kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà á. Ẹnì kan sì ń kó gbogbo ìwé orí pátákó yẹn lọ. Mọ́ńdè ló ń lọ, Sọ́ńdè ló ń dé. Ní báyìí, Fadá Olófin tó ń kọ́ni lófin ìjọ ti dìde, ó ní ìkéde tí kò pé ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ìkéde, pé kí wọ́n fagi lé e, kí Fadá Àgbà fọwọ́ ara wọn yan ẹni tó bá wù wọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló sì ń tì sí wọn níwájú. Ìpàdé ọ̀rọ̀ náà, ìrọ̀lẹ́ òní ni."

"Tí wọ́n bá fagi lé e ńkọ́?"

Tíṣà wo ọwọ́ ara ẹ̀. "Ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Wọ́n ti gbé àga mi kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń ra Mẹ́talọ́kan, pé sìmẹ́ǹtì làwọn èèyàn ń rà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Obìnrin náà ti fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ kàwé nítorí iṣẹ́ yìí, ojú ẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Sájẹ́ǹtì," ọ̀gá mi ní, "lọ tan ọkọ̀."

*

Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ láti yàrá ìsùn sí ilé àdúrà ni pátákó náà wà. Kò sẹ́ni tó lè lọ sí Mísà kó má gba iwájú ẹ̀ kọjá. Wọ́n kọ ÌRÒYÌN ÀTI ÀǸFÀÀNÍ gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri lókè, wọ́n wá fi ìkọ́ irin méjì gbé pátákó náà kọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó tó fèrèsé kan, férémù igi yí i ká, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó. Abọ́ kékeré tí wọ́n ń kó píìnì sí wà lórí pẹpẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan kan, pátákó ṣófo fìrìgbagbòó.

Fadá Àgbà ló mú wa débẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó ń nu àágùn bí ẹni tó ń sáré.

"Láti ìgbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀," ó ní. "Sọ́ńdè nìkan la máa ń lẹ ìwé tuntun. A máa lẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo wa á kà á, inú wa á dùn. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, òfìfo. Sọ́ńdè míì a tún dé, gbogbo ẹ̀ a ti padà, bébà kan ò ní ya, kálukú á wà ní ààyè ẹ̀."

"Ó ń padà ní Sọ́ńdè nìkan?"

"Àfi Tọ́sìdè kan báyìí. Ó padà, ilẹ̀ Fúráìdè mọ́, ó tún lọ."

"Ẹ ò wá fi ẹnì kan ṣọ́ ọ?" Èmi ni mo bi í, torí inú ti ń bí mi.

Fadá Àgbà wò mí bí ẹni tí mo bá sọ èdè tí kò gbọ́. "A ṣèpàdé lórí ẹ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òfìfo ń kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an, a bi í ní ìbéèrè títí a fi gbàgbé oúnjẹ."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sún mọ́ pátákó, wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ aláwọ̀ ewé náà láti òkè délẹ̀, jẹ́jẹ́, bí obìnrin tó fẹ́ ra aṣọ tí kò fẹ́ kí onísọ̀ mọ̀ pé ó wu òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Aṣọ yìí mà dán o. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lo pátákó yìí?"

"Hà! Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ fadá kékeré. Ilé-ìwé kan tó kógbá wọlé la ti rà á."

"Ẹ ṣeun, Fadá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́."

*

Ilé ìkàwé la ti bá Fadá Olófin. Ọkùnrin gíga ni, ọrùn ẹ̀ le bí ẹni tó gbé páànù omi, ìwé ńláńlá sì yí i ká débi pé orí ẹ̀ nìkan là ń rí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé òun ni. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mi ń dún nínú àpò, èmi náà ń dún.

"Níbo lẹ wà láàárọ̀ Mọ́ńdè?" mo bi í.

"Mọ́ńdè wo?"

"Ti àná."

"Kí lẹ ń pè ní àárọ̀? Ṣé kí oòrùn tó yọ ni àbí lẹ́yìn tó yọ?"

"Fadá!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ò béèrè dáadáa. Kí oòrùn tó yọ, mo wà lórí ibùsùn. Lẹ́yìn tó yọ, mo wà ní Mísà. Lẹ́yìn Mísà, mo wà níbí, mò ń múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ nípàdé sílẹ̀."

Ọ̀gá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fadá, ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín láǹfààní."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn láìṣẹ́jú. "Ọmọ dáadáa ni, ó sì ti ń wá iṣẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣí ìwé náà kúrò. Òfin ni mò ń tẹ̀ lé. Tí ìkéde náà bá pé ọ̀sẹ̀ kan ni, èmi fúnra mi ni mo máa kọ́kọ́ kí Tíṣà kú oríire."

"Mo gbà yín gbọ́," ọ̀gá mi ní.

A jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà á gbọ́ kẹ̀? Òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí máa ṣe láǹfààní!"

"Rò ó dáadáa, Sájẹ́ǹtì. Tó o bá fẹ́ kí ìwé kan má pé ọ̀sẹ̀ kan lórí pátákó, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa mú un?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó."

"Kí ló wá dé tí wàá tún máa dá a padà? Kí ló sì dé tí wàá máa kó ìkéde òkú àti ti ìpàdé àti ti ẹni tí wọ́n gbé lọ síbòmíì mọ́ ọn? Ìwé iṣẹ́ yẹn ò tíì dé tí gbogbo eléyìí ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n mi orí. "Ẹni tó ń ṣe é ò tiẹ̀ rí ti Tíṣà rò rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

*

Ẹni kejì tí mo fẹ́ mú ni Sísítà Bíbélì. Bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn nínú ilé náà, torí òun ló ń kọ́ni ní Ìwé Mímọ́. Ọ̀kan nínú àwọn fadá ló ta wá lólobó pé òun rí i níwájú pátákó láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó kó píìnì sẹ́nu. Inú mi dùn. A bá a níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Sísítà, kí lẹ̀ ń ṣe nídìí pátákó lánàá?"

Ojú tì í. Ó fọwọ́ bo orí. "Ta ló sọ fún yín? Mo mú píìnì mẹ́ta nínú abọ́. Ìborí mi ló ń yọ̀. Mo sì ti jẹ́wọ́ ẹ̀ fún Fadá, wọ́n ti fún mi ní àdúrà tí mo máa gbà, mo ti gbà á tán."

Ó ṣí ìborí ẹ̀ díẹ̀. Píìnì mẹ́ta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Irú ọ̀daràn wo rèé? Wọ́n ti jẹ́wọ́, wọ́n ti jìyà, ọlọ́pàá ò tíì dé!

"Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, ìwé ti lọ?" ọ̀gá mi bi í.

"Ó ti lọ."

"Tọ́sìdè tí ìwé yẹn padà wá lójijì, ẹ rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ náà?"

"Ah, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ mà ni! Ọjọ́ ńlá ni. Wọ́n se ẹran, wọ́n ṣe kéèkì, Fadá Àgbà kọrin."

"Nínú ààwẹ̀?"

"Ọjọ́ ńlá báyẹn, ààwẹ̀ á sinmi, bíi ti Sọ́ńdè." Ó ká aṣọ kan. "Ẹ ò ṣe bi Fadá Rédíò léèrè? Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yìí tí kò ní mọ̀. Ẹni tí wọ́n máa sọ di bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń bá ẹni jà, ẹni tó rí ìwé gbà láti òkè òkun. Nígbà kan, mo lálàá, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ti bi mí pé báwo lálàá náà ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí pé bóyá ara ẹ̀ ò yá."

Ọ̀gá mi dúró gbagidi. "Rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́?"

"Wọ́n ti pa á," Sísítà ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

*

Fadá Rédíò ti dàgbà, irun ẹ̀ funfun báláú, ìtàn ìjọ ló sì ń kọ́ni. Yàrá oúnjẹ la bá a, òun nìkan. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lára mi, ó dìde, ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Mo sáré dí ibẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó ki òwú bọ etí méjèèjì.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," ọ̀gá mi pariwo. "Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà?"

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi!"

"Nípa ìwé tó..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, mi ò fẹ́ gbọ́!" Ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì bo òwú etí. "Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi í síbi tó wà."

Ẹ gbọ́ ná, bí ẹni tó jẹ̀bi bá fẹ́ ṣe, báwo ló tún ṣe fẹ́ ṣe é? Mo fa ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yọ. Ọ̀gá mi fojú dá mi lóhùn, mo dá a padà sápò.

"Bàbá," wọ́n ní, "mi ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ìbéèrè méjì péré. Ṣé ẹ ti yọ ìwé kankan kúrò lórí pátákó yẹn rí?"

Bàbá náà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wo ojú ọ̀gá mi tààrà. "Rárá. Mi ò yọ ìwé kankan kúrò níbẹ̀ rí, bó ti wù kó kéré."

"Ẹ ṣeun. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ òní?"

"Búrẹ́dì, ẹyin méjì, tíì. Mo fi ṣúgà sí i dáadáa."

"Nínú ààwẹ̀, Bàbá?"

"Ọjọ́ orí mi ti kọjá ẹni tó ń febi panú. Oúnjẹ kọ́ ni èmi..." Ó yára pa ẹnu dé, ó wolẹ̀. "Ìwé Mímọ́ ní kí èèyàn má polongo ààwẹ̀ ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sípàdé ìrọ̀lẹ́ òní."

"Mi ò lè wá. Ọ̀rọ̀ á pọ̀ níbẹ̀."

"Fadá Àgbà ló pàṣẹ," ọ̀gá mi ní. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n a lọ bá Fadá Àgbà lẹ́yìn náà, ó wá di òótọ́.

Mo bá ọ̀gá mi jà nínú ọgbà. Mo ní bàbá yẹn ló ṣe é, kò tiẹ̀ yẹ ká máa jiyàn.

"Òun ni," ọ̀gá mi ní.

"Ẹ sì gbọ́ tó ní òun ò yọ ìwé kankan!"

"Mo gbọ́. Kò sì purọ́. Ẹni tó ń ki òwú bọ etí kó má bàa dẹ́ṣẹ̀, ṣé ó máa wá kojú sí ọlọ́pàá kó purọ́? Jókòó, Sájẹ́ǹtì. Fi méjèèjì pọ̀, kó o sì sọ ibi tí ìwé wà fún mi."

Mo jókòó. Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi, mi ò rí nǹkan kan fi pọ̀. Ebi ló ń pa mí.

*

Wọ́n ṣèpàdé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ọ̀gá mi ló bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àga jáde, gbogbo ilé jókòó kọjú sí pátákó òfìfo. Tíṣà ò jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di báàgì ẹ̀ mú mọ́ àyà. Fadá Rédíò jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú òwú etí ẹ̀, ó dijú.

Fadá Olófin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Bó ṣe fẹ́ jókòó, ọ̀gá mi nàwọ́.

"Fadá, ẹ jẹ́ kí òpè bi yín ní nǹkan kan. Ká ní ìwé kan pé ọ̀sẹ̀ kan lórí pátákó yìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kà á ńkọ́? Ṣé ìkéde ni?"

"Ìkéde ni, pọ́nbélé," Olófin ní. "Òfin ò ní kí ẹ kà á, ó ní kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àfi tí gbogbo èèyàn bá kà á ni, ọ̀lẹ á máa dijú kọjá, a ò sì ní lófin kankan mọ́."

"Ká ní nǹkan kan wá dí i lójú àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Kò kan òfin. Bó bá ṣáà ti wà lórí pátákó, tí pátákó sì wà ní ààyè ẹ̀, ó ti múlẹ̀." Ó wo yíká, ó rí i pé gbogbo àwọn fadá ń mi orí, inú ẹ̀ sì dùn.

"Ẹ ṣé gan-an." Ọ̀gá mi bọ́ sí àárín. "Ẹ̀yin Fadá, ẹ̀yin Sísítà, olè tí à ń wá yìí jọ mí lójú. Olè tó ń sinmi ní Sọ́ńdè! Mo tún wá gbọ́ pé ó sinmi lọ́jọ́ Jósẹ́fù Mímọ́. Mo ní áà, ọjọ́ tí ààwẹ̀ ń sinmi nílé yìí nìyẹn. Ẹni yìí ń gbààwẹ̀ ni. Ìgbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lòun náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló fi sílẹ̀? Kì í ṣe oúnjẹ, torí ó jẹ ẹyin méjì láàárọ̀ yìí. Ìròyìn ló fi sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ló gbé fún Ọlọ́run. Ojoojúmọ́ ló sì ń gba iwájú pátákó yìí lọ sí Mísà, ojú ẹ̀ á máa fẹ́ yà síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ni pé kéèyàn má sá fún ẹ̀ṣẹ̀ nìkan, kó sá fún ohun tó máa ti í sínú ẹ̀. Ó gba ẹ̀kọ́ yín, ó sì ṣe é."

Ọ̀gá mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo orí ló yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Sísítà Bíbélì fọwọ́ bo ẹnu.

Fadá Rédíò lajú, ó yọ òwú etí kan. "Èmi lẹ̀ ń wò?"

"Bàbá, ẹ yọ ìkejì náà," ọ̀gá mi ní. "Ìwé wo lẹ kó?"

"Mo ti sọ fún yín, mi ò kó ìwé!"

"Mo mọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ pa aṣọ pátákó yìí. Pátákó tí wọ́n ti ń gún ní píìnì láti ìgbà tí Fadá Àgbà ti jẹ́ ọ̀dọ́, ihò kan ò sí lára ẹ̀. Sájẹ́ǹtì, gbé e kúrò lórí ìkọ́."

Mo gbé e. Mo yí i padà.

Gbogbo ìwé wà níbẹ̀. Ti òkú, ti ìpàdé, ti ẹni tí wọ́n gbé lọ síbòmíì, ti ìwé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láàárín gbùngbùn, ìkéde iṣẹ́ olùkọ́ àgbà, píìnì mẹ́rin lórígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìhà méjèèjì pátákó náà ni wọ́n fi aṣọ bò, bàbá yìí kàn ń dojú ẹ̀ kọ ògiri láàárọ̀ Mọ́ńdè ni, á sì yí i padà ní Sọ́ńdè. Gbogbo ilé tó kún fún dókítà, kò sí ẹnì kan tó ronú àtiwo ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Fadá Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ẹ̀rín ran gbogbo ilé. Olófin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rìn wá síwájú pátákó, ó ka ìkéde náà láti òkè délẹ̀, ó wo ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Mo ní nínú ara mi pé ó máa wá ihò kan gbà jáde.

"Kò kúrò lórí pátákó," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ kan ti pé, ó ti kọjá. Ìkéde náà múlẹ̀." Ó wá yí sí Tíṣà, ó tẹ orí ba. "Ẹ kú oríire." Mo ti ń pè é ní ìkà láti àárọ̀, mo gbà pé mo ṣì í.

"Ó tán," Fadá Àgbà ní. "Tíṣà nìkan ló béèrè, Tíṣà la fún."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fadá Rédíò ti rìn dé àárín, ó ń wo ojú gbogbo èèyàn. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kí ni mo ṣe?"

Tíṣà ló sọ fún un. Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, ti iṣẹ́, ti òfin, ti ìpàdé, ti ìsọ̀ sìmẹ́ǹtì. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kú lẹ́nu àwọn èèyàn.

"Mi ò mọ̀," bàbá náà ní. "Bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ni mo ń sá. Mo rò pé Ọlọ́run ni mò ń fún ní nǹkan."

"Bàbá," Tíṣà ní, omi ti dé ojú ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n, "ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́ torí pé ẹ fẹ́ di ẹni mímọ́."

Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Mo wo bàtà tèmi náà. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí.

"Ẹ dárí jì mí," bàbá náà ní. "Kí ni kí n ṣe? Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Tíṣà nu ojú ẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ lọ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé èmi ni wọ́n mú."

"Lónìí? Túsìdè lòní."

"Lónìí yìí náà, Bàbá."

Fadá Rédíò wo Fadá Àgbà. Fadá Àgbà mi orí sí i. Bàbá náà fi òwú méjèèjì sọ́wọ́ Sísítà, ó tún kọ́là ẹ̀ ṣe, ó sì bọ́ sí àgbàlá.

Nígbà tá a fi máa dé ibi ọkọ̀, ó ti dé ilé ìdáná. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ ò tíì gbọ́? Tíṣà ni o! Obìnrin! Olùkọ́ àgbà!" Ó ti inú ilé ìdáná bọ́ sí ẹnu géètì, láti ẹnu géètì sí fèrèsé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohùn ẹ̀ ń ga sí i. Ó ń fi oyè ẹ̀ kún un, ó ń fi ìwé tó kọ kún un, ó ń sọ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Bó ṣe wá mọ gbogbo ìyẹn, èmi ò mọ̀. Tíṣà jáde wá sí àtẹ̀gùn, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan, ó ń gbọ́ ara ẹ̀ lẹ́nu bàbá náà, ó ń sunkún, kò tiẹ̀ nu ún mọ́.

Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀. Ọ̀gá mi gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má tíì tan án, ká jọ gbọ́ ọ tán.